Ìbéèrè àti ìdáhùn: bí a ṣe ń fi linear programming orí gíráàfù pín ohun èlò iṣẹ́

Kí ni linear programming?

Ìṣirò ni, fún ìgbà tí ohun tí a lè ṣe bá pọ̀ ju ohun èlò tó wà nílẹ̀ lọ. Fúláwà níwọ̀n, wákàtí ààrò níwọ̀n, owó ọwọ́ níwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọjà tí a lè fi wọ́n ṣe ju ẹyọ kan lọ. Ìṣirò yìí ló ń sọ iye tí ó yẹ ká ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí èrè lè pọ̀ tó bó ṣe lè pọ̀ mọ, tàbí kí ìnáwó lè kéré tó bó ṣe lè kéré mọ.

"Linear" inú orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ohun gbogbo ń rìn ní ìlà tààrà: bí dọ́sìn 1 bá jẹ kílò 6, dọ́sìn 10 gbọ́dọ̀ jẹ kílò 60. "Programming" kò kan kọ̀ǹpútà rárá, ètò ló túmọ̀ sí níbí. Leonid Kantorovich ló bẹ̀rẹ̀ irú ìṣirò yìí ní Leningrad ní 1939, látinú ìbéèrè nípa bí wọn ó ṣe pín iṣẹ́ pílìwúùdù láàárín ẹ̀rọ. George Dantzig ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní simplex jáde ní 1947, òun náà ni kọ̀ǹpútà ṣì ń lò lónìí.

Irú ìṣòro wo ni gíráàfù lè yanjú?

Èyí tó ní ọjà méjì péré. Bébà kò ní ju ìbú àti òró lọ: ọjà kan gba ìlà ìdùbúlẹ̀, èkejì gba ìlà ìdúró, kò sí àyè fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ààlà ní tirẹ̀ lè pọ̀ bó ṣe wù ú: fúláwà, ààrò, òṣìṣẹ́, owó, iye tí oníbàárà lè rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kàn ń fi ìlà kan kún gíráàfù ni.

Ẹni tó ní ọjà mẹ́wàá yóò lo kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, a gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya ti ọjà méjì. Ohun tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí lórí bébà ni yóò jẹ́ kó mọ̀ nígbà tí èsì kọ̀ǹpútà kò bá bọ́gbọ́n mu.

Àpẹẹrẹ wo la ó máa lò nínú àwọn ìdáhùn yìí?

Ilé búrẹ́dì kan tó ń ṣe búrẹ́dì ńlá àti búrẹ́dì kékeré, tó sì ń ka ọjà rẹ̀ ní dọ́sìn. A mú iye owó rẹ̀ láti fi ṣàlàyé ni. Ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀.

| | Ńlá, dọ́sìn 1 | Kékeré, dọ́sìn 1 | Ohun tó wà lóòjọ́ |
|---|---|---|---|
| Fúláwà | kílò 6 | kílò 3 | kílò 300, ìyẹn àpò 6 |
| Ààrò | ìṣẹ́jú 8 | ìṣẹ́jú 6 | ìṣẹ́jú 480 |
| Èrè | ₦2,400 | ₦1,500 | |

Ẹrù ààrò kan ń gba ìṣẹ́jú 48, láti ìgbà tí páànù àkọ́kọ́ bá wọlé títí tí èyí tó kẹ́yìn yóò fi jáde. Ẹrù kan gba dọ́sìn 6 búrẹ́dì ńlá, ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú 8 ti wá. Ó gba dọ́sìn 8 búrẹ́dì kékeré, ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú 6 ti wá. Ààlà kan ṣì kù: àwọn tó ń gba búrẹ́dì kékeré lọ tà kì í gbà ju dọ́sìn 60 lọ lóòjọ́.

Èrè wo ni kí n kọ? Ṣé kí n yọ owó ilé kúrò nínú rẹ̀?

Rárá o. Iye tí ẹ ta dọ́sìn kan, ẹ yọ ohun tó ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ṣe dọ́sìn kan sí i nìkan: fúláwà, ṣúgà, yíìsì, bọ́tà, ọ̀rá tí ẹ fi wé e, àti gáàsì tí ààrò jó lórí rẹ̀. Owó ilé, owó ọdẹ àti owó oṣù tí ẹ ó san bóyá ẹ ṣe búrẹ́dì tàbí ẹ ò ṣe, ìgbẹ̀yìn ni ẹ ó yọ ìyẹn kúrò lára àpapọ̀ èrè.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí, ó sì lè ba ìdáhùn jẹ́ pátápátá. Bí ẹ bá pín ₦300 owó ilé sórí dọ́sìn kọ̀ọ̀kan, èrè ńlá di ₦2,100, ti kékeré di ₦1,200. Ńlá tó jẹ́ ìlọ́po 1.6 ti kékeré tẹ́lẹ̀ ti di ìlọ́po 1.75, bẹ́ẹ̀ owó ilé kò yí padà ní kọ́bọ̀ kan. Ìlọ́po yìí gan-an ló ń pinnu igun tí ìdáhùn yóò bọ́ sí.

Báwo ni mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ di ìṣirò?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. x ni iye dọ́sìn búrẹ́dì ńlá lóòjọ́ kan. y ni iye dọ́sìn búrẹ́dì kékeré lóòjọ́ kan. Ẹ má kàn kọ "x ni búrẹ́dì ńlá", torí nígbà tí ẹ bá fi máa dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ mọ́ bóyá dọ́sìn ni tàbí ẹyọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun èlò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ gbólóhùn kan fún un. Àmì ≤ ni "kò gbọdọ̀ ju", àmì ≥ ni "kò gbọdọ̀ dín sí".

Fúláwà: 6x + 3y ≤ 300
Ààrò: 8x + 6y ≤ 480
Oníbàárà: y ≤ 60
Kò sí búrẹ́dì tó dín sí òfo: x ≥ 0, y ≥ 0
Èrè tí a fẹ́ kó pọ̀: 2,400x + 1,500y

Ẹ wo ìwọ̀n lọ́tùn-ún àti lósì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí ọwọ́ òsì bá jẹ́ ìṣẹ́jú, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ jẹ́ wákàtí. Ẹni tó kọ 8x + 6y ≤ 8 ti sọ pé ààrò òun kò lè yan ju dọ́sìn 1 búrẹ́dì ńlá lọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Báwo ni mo ṣe ń ya ìlà kọ̀ọ̀kan?

Ẹ sọ àmì ≤ di = fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá ibi méjì tí ìlà náà ti gé ìlà ìdùbúlẹ̀ àti ìlà ìdúró. Fún fúláwà: bí y bá jẹ́ 0, x jẹ́ 50, bí x bá jẹ́ 0, y jẹ́ 100. Ẹ so (50, 0) mọ́ (0, 100). Fún ààrò: (60, 0) àti (0, 80). Ti oníbàárà rọrùn jù: ìlà tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní y = 60.

Lórí ìwé gíráàfù A4, ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún dọ́sìn 10. x yóò gba sẹ̀ǹtímítà 12, y yóò gba 20, ó sì wọ bébà dáadáa. Ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù yín kó mú ṣọnṣọ. Pẹ́ńsù tó kú lè fi ìdá mẹ́rin dọ́sìn kan ṣìnà níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé.

Ẹ̀gbẹ́ wo lára ìlà ni mo máa mú?

Ẹ fi (0, 0) dán an wò. Fún fúláwà, 6 × 0 + 3 × 0 jẹ́ 0, kò ju 300 lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tí (0, 0) wà ni tiwa. Bí ìlà bá gba (0, 0) kọjá, ẹ mú ibòmíràn, bíi (10, 0). Ẹ má fi ojú lásán pinnu pé "≤ ni ìsàlẹ̀": ààlà bíi x − y ≤ 5 máa ń tan ènìyàn jẹ.

Ibi tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà ti pàdé là ń pè ní àgbègbè tó ṣeé ṣe. Gbogbo ojú ibẹ̀ ni ètò iṣẹ́ tí ohun èlò yín lè gbé. Nínú ìdánwò, àwọn olùkọ́ kan ní kí ẹ kun inú rẹ̀, àwọn mìíràn ní kí ẹ kun ìta kí inú lè funfun. Ẹ ka ìbéèrè dáadáa. Fún iṣẹ́ ti ara yín, kíkun ìta ló dára jù, torí igun yóò hàn kedere.

Báwo ni mo ṣe ń rí ìdáhùn nínú gbogbo àgbègbè yẹn?

Inú igun rẹ̀ ni ẹ ó ti wá a. Tiwa ní igun márùn-ún. Ẹ má ka igun tí ìlà méjì ti pàdé láti ojú gíráàfù nìkan. Ẹ fi ìṣirò wá a. Níbi tí fúláwà àti ààrò ti pàdé, bí a bá fi 3 pín ti fúláwà, tí a sì fi 2 pín ti ààrò: 2x + y = 100 àti 4x + 3y = 240. Ẹ fi y = 100 − 2x sínú ìkejì: 4x + 300 − 6x = 240, x jẹ́ 30, y jẹ́ 40. Níbi tí ààrò àti oníbàárà ti pàdé: y jẹ́ 60, 4x jẹ́ 60, x jẹ́ 15.

(0, 0): ₦0
(50, 0): ₦120,000
(30, 40): ₦132,000
(15, 60): ₦126,000
(0, 60): ₦90,000

Dọ́sìn 30 ti ńlá àti dọ́sìn 40 ti kékeré ló borí. Wọ́n jẹ fúláwà 180 + 120, ìyẹn 300 géérégé, wọ́n sì gba ẹrù ààrò 5 àti 5, ìyẹn ìṣẹ́jú 480 géérégé. Ẹ máa dá ìdáhùn yín padà sínú ààlà báyìí kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Igun (20, 60) kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà y = 60 àti ìlà fúláwà pàdé níbẹ̀ lójú bébà. Ìta àgbègbè ló bọ́ sí. Àwọn tó ń kánjú máa ń kó irú igun bẹ́ẹ̀ mọ́ ti gidi.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igun, tí kò jẹ́ àárín?

Ẹ ya ìlà èrè kan, ẹ ó rí i fúnra yín. Gbogbo ibi tó ń mú ₦60,000 wọlé wà lórí ìlà tó so (25, 0) mọ́ (0, 40). Ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ máa fi rúlà onígun mẹ́ta tì í lọ sókè sí apá ọ̀tún láìjẹ́ kó yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń jìnnà sí (0, 0) ni èrè ń pọ̀. Ibi tó ti fi ara kan àgbègbè yẹn kẹ́yìn, kó tó bọ́ síta, ni ìdáhùn. Ìlà tó ń rìn báyìí kò lè fi àárín ṣe ìfarakàn ìkẹyìn. Igun ni yóò fi ṣe é, tàbí odindi ẹ̀gbẹ́ kan tó ní igun lórí méjèèjì.

Ọ̀nà rúlà yìí yá ju kí a ṣe ìṣirò igun gbogbo lọ nígbà tí ààlà bá pọ̀. Ẹ fi rúlà mọ igun, kí ẹ wá fi ìṣirò mọ iye rẹ̀.

Búrẹ́dì ńlá ló ń mú ₦2,400 wá. Kí ló dé tí a kò kúkú ṣe òun nìkan?

Torí pé dọ́sìn kọ́ ló wọ́n yín. Fúláwà àti ààrò ló wọ́n. Ẹ pín èrè fún ohun tó wọ́n. Kílò fúláwà kan tí ẹ fi ṣe ńlá mú ₦400 wá, èyí tí ẹ fi ṣe kékeré mú ₦500. Ìṣẹ́jú ààrò kan lórí ńlá mú ₦300, lórí kékeré ₦250. Kékeré lo fúláwà dáadáa jù, ńlá lo ààrò dáadáa jù, bí wọ́n sì ṣe ń fa ara wọn yẹn ló jẹ́ kí ìdáhùn wà láàárín wọn.

Ìpín yìí yẹ kó ṣáájú gíráàfù. Bí ọjà kan bá borí lórí gbogbo ohun èlò tó wọ́n, ẹ ò nílò gíráàfù: ẹ ṣe òun títí oníbàárà yóò fi sọ pé ó tó, kí ẹ fi ìyókù ṣe èkejì.

Mo ti ṣèlérí iye kan fún oníbàárà. Ibo ni ìyẹn bọ́ sí?

Ààlà ≥ ni. Bí ilé ìtura kan bá ń gba dọ́sìn 10 búrẹ́dì ńlá lójoojúmọ́, ẹ kọ x ≥ 10, kí ẹ ya ìlà ìdúró ní x = 10, kí ẹ mú apá ọ̀tún. Ìdáhùn kò yí padà, torí 30 ti ju 10 lọ.

Bí ìlérí bá jẹ́ dọ́sìn 35, igun tuntun ni (35, 30), èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦129,000. Ìlérí yẹn ń ná yín ní ₦3,000 lóòjọ́. Ó lè tọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí oníbàárà tó ń sanwó lásìkò, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ iye rẹ̀ báyìí, ẹ sì lè fi bá a sọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀kan nínú ìlà mi kò fara kan àgbègbè yẹn rárá. Ṣé mo ṣìṣe ni?

Kò pọn dandan. Ká ní ọ̀rá tí ẹ fi ń wé búrẹ́dì tó dọ́sìn 90: x + y ≤ 90. Igun tí x + y ti pọ̀ jù lọ ni (15, 60), 75 péré sì ni. Ọ̀rá kò dí yín lọ́wọ́, ẹ má fi owó kún owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má pa ìlà náà rẹ́ o, torí bí fúláwà àti ààrò bá pọ̀ sí i, ó lè di ohun tó ń dí yín.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ bí mi ò bá rí àgbègbè kankan, tàbí tí ìdáhùn bá ju ẹyọ kan lọ?

Bí kò bá sí àgbègbè, ìlérí yín ti ju agbára yín lọ. Ẹni tó ṣèlérí dọ́sìn 45 ti ńlá àti 20 ti kékeré nílò fúláwà kílò 330, 300 ló ní. Gíráàfù kò lè bá a wá kílò 30 náà. Àfi kó ra fúláwà sí i tàbí kó dín ìlérí kù.

Ìdáhùn ju ẹyọ kan lọ nígbà tí ìlà èrè bá dùbúlẹ̀ sórí ìlà ààlà kan gẹ́lẹ́. Bí èrè ńlá bá wálẹ̀ sí ₦2,000, (30, 40) mú ₦120,000 wá, (15, 60) náà mú ₦120,000 wá, àti gbogbo ibi tó wà láàárín wọn lórí ìlà ààrò. Inú wa máa ń dùn sí irú èyí, torí ó fún yín láyè láti fi ohun mìíràn yàn. (15, 60) jẹ fúláwà 270 péré, kílò 30 ṣẹ́kù fún ọ̀la.

Bí èrè bá ń lọ sókè láìlópin, ẹ ti gbàgbé ààlà kan. Kò sí iṣẹ́ kankan láyé yìí tí ohun èlò rẹ̀ kò lópin.

Bó bá jẹ́ ìnáwó ni mo fẹ́ dín kù ńkọ́?

Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ ó máa ti rúlà wálẹ̀ sí ọ̀dọ̀ (0, 0). Ẹ wo oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin. Àgbàdo ní purotéènì bí ìdá 9 nínú 100. Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní bí ìdá 44. Ẹ fẹ́ ó kéré tán kílò 100 oúnjẹ tí kílò 16 nínú rẹ̀ jẹ́ purotéènì. Ká ní àgbàdo jẹ́ ₦500 kílò kan, sóyà ₦900.

Ìwọ̀n: x + y ≥ 100
Purotéènì: 0.09x + 0.44y ≥ 16
Ìnáwó: 500x + 900y

Ìlà méjèèjì pàdé ní àgbàdo 80, sóyà 20, ó sì jẹ́ ₦58,000. Sóyà nìkan yóò jẹ́ ₦90,000. Àgbàdo nìkan yóò gba nǹkan bíi kílò 178, owó rẹ̀ yóò súnmọ́ ₦89,000. Àgbègbè yìí ṣí sílẹ̀ lókè, ìyẹn kò burú nígbà tó jẹ́ ìsàlẹ̀ là ń wá.

Ẹ má gbé àdàlù yìí fún adìẹ o. Adìẹ tó ń yé nílò kálísíọ̀mù fún èèpo ẹyin, iyọ̀ àti fítámì pẹ̀lú. Ohun èlò náà á di mẹ́fà tàbí méje, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Ìdáhùn mi ní ìdá nínú. Ṣé kí n sọ ọ́ di odindi nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn?

Nígbà tí nọ́ńbà bá tóbi, tí ìdá náà sì kéré, ẹ gé e wálẹ̀, kí ẹ dán ààlà wò. Nígbà tí nọ́ńbà bá kéré, ẹ ṣọ́ra gidigidi.

Ká ní ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ èrò. Kẹ̀kẹ́ márúwá jẹ́ mílíọ̀nù 4, bọ́ọ̀sì kékeré mílíọ̀nù 7, owó ọwọ́ yín mílíọ̀nù 36, awakọ̀ tí ẹ ní 7. Kẹ̀kẹ́ ń mú ₦40,000 wá lọ́sẹ̀, bọ́ọ̀sì ₦65,000. Gíráàfù sọ pé kẹ̀kẹ́ 4.33, bọ́ọ̀sì 2.67. Kò sí ẹni tó ń ta ìdá kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá mú èyí tó súnmọ́ ọn, ìyẹn 4 àti 3, mílíọ̀nù 37 ni, owó kò tó. Bí ẹ bá gé méjèèjì wálẹ̀ sí 4 àti 2, ₦290,000 ni ẹ ó máa rí. Èyí tó dára jù ni kẹ̀kẹ́ 2, bọ́ọ̀sì 4: mílíọ̀nù 36 géérégé, ₦340,000 lọ́sẹ̀, awakọ̀ kan sì ṣẹ́kù. Ó jìnnà sí ibi tí gíráàfù tọ́ka sí.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ fi àmì tóótòòtó sí gbogbo odindi nọ́ńbà tó wà nínú àgbègbè náà, kí ẹ wá ti ìlà èrè títí yóò fi kan tóótó ìkẹyìn. Fún nọ́ńbà kékeré, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Èló ló yẹ kí n san fún fúláwà sí i? Wákàtí ààrò sí i ńkọ́?

Ẹ sún ìlà kan kí ẹ wo bí èrè ṣe yí. Bí fúláwà bá di 330, igun di (45, 20), èrè di ₦138,000. Kílò 30 mú ₦6,000 wá, ìyẹn ₦200 lórí kílò kan. Ẹ rántí pé a ti yọ owó fúláwà kúrò nínú èrè, nítorí náà ₦200 yìí lé lórí iye tí ẹ ń rà á. Bí ẹni tó ń tà á bá fi ₦100 kún kílò kan torí pé ọjà wọ́n, ẹ ṣì lè rà á. Bó bá fi ₦250 kún un, ẹ fi sílẹ̀.

Ti ààrò jẹ́ ₦150 lórí ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú 40 kún un, igun di (20, 60), èrè di ₦138,000. Bí àṣekún owó òṣìṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 40 náà bá dín sí ₦6,000, ó dára.

Àwọn iye yìí ní ibi tí wọ́n dé. Ti fúláwà dúró láti kílò 270 títí dé 360. Lẹ́yìn 360, ààrò ti kún fún búrẹ́dì ńlá nìkan, fúláwà tó kù yóò kàn jókòó ni. Ti ààrò dúró láti ìṣẹ́jú 400 títí dé 520. Lẹ́yìn 520, fúláwà ti tán, oníbàárà búrẹ́dì kékeré sì ti tó, ẹ kàn ń jó gáàsì lásán.

Ẹ tún fi ẹrù ààrò dán an wò. Dọ́sìn 45 àti 20 jẹ́ ẹrù 7.5 àti 2.5. Bí ẹ kì í bá po oríṣi méjì mọ́ ara wọn nínú ààrò, tí ẹ sì fẹ́ kí ẹrù kọ̀ọ̀kan kún, ẹrù 7 àti 3 ni ẹ ó ṣe, ìyẹn dọ́sìn 42 àti 24, èrè ₦136,800.

Ààrò kì í fún mi ní wákàtí 8 lójoojúmọ́. Iná lè lọ, gáàsì lè tán. Ètò wo ni kí n tẹ̀ lé?

Ẹ ya ìlà ààrò mẹ́ta sórí gíráàfù kan náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹrù 10: dọ́sìn 30 àti 40, ₦132,000. Ẹrù 9: dọ́sìn 42 àti 16, ₦124,800. Ẹrù 8: dọ́sìn 48 ti ńlá nìkan, ₦115,200, fúláwà kílò 12 sì ṣẹ́kù.

Ẹ wo ọ̀nà tó gbà yí padà. Nígbà tí ààrò bá dín, búrẹ́dì kékeré ni à ń gé kúrò, torí òun ló ń jẹ ìṣẹ́jú láìmú owó tó tó wá. Ọ̀pọ̀ alábòójútó ni yóò gé méjèèjì ní ọgbọọgba, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú, wọ́n á sì máa pàdánù owó lójoojúmọ́ láìmọ̀. Nígbà tó bá jẹ́ fúláwà ló wọ́n, òdìkejì ni: ńlá ni ẹ ó gé. Kílò 270 mú yín dé (15, 60).

Owó ọjà ń yí lójoojúmọ́. Ṣé gbogbo ìgbà ni mo máa tún un yà?

Rárá. (30, 40) dúró níwọ̀n ìgbà tí èrè ńlá bá wà láàárín ìlọ́po 1.33 àti ìlọ́po 2 ti kékeré. Ìdagun ìlà ààrò àti ti fúláwà ló fún wa ní nọ́ńbà méjèèjì yẹn. Bí kékeré bá dúró ní ₦1,500, ńlá lè rìn láti ₦2,000 dé ₦3,000 láìjẹ́ pé ètò yí. Bí ńlá bá dúró ní ₦2,400, kékeré lè rìn láti ₦1,200 dé ₦1,800. Iye èrè inú àpò yóò yí, ṣùgbọ́n iye dọ́sìn kò ní yí. Kí èrè ńlá ju ₦3,000 lọ, ẹ kó lọ sí (50, 0).

Mo fẹ́ fi búrẹ́dì àgbọn kún un. Ọjà ti di mẹ́ta, ṣé gíráàfù ti parí nìyẹn?

Ó ṣì lè dáhùn bóyá ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ká ní dọ́sìn kan búrẹ́dì àgbọn yóò jẹ fúláwà kílò 4 àti ààrò ìṣẹ́jú 5. Ohun tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ búrẹ́dì ti tẹ́lẹ̀ nítorí rẹ̀ jẹ́ 4 × ₦200 àti 5 × ₦150, àpapọ̀ ₦1,550. Bí èrè rẹ̀ bá jẹ́ ₦1,400, yóò jẹ yín ní ₦150 lórí dọ́sìn kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí oníbàárà yìn ín tó. Bó bá jẹ́ ₦1,700, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà wá iye tuntun fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe é nínú Excel?

Ẹ lọ sí File, Options, Add-ins, kí ẹ tan Solver Add-in. Yóò jáde lábẹ́ Data. B2 àti C2 ni ẹ ó fi sílẹ̀ fún x àti y. Nínú D2 ẹ kọ =2400*B2+1500*C2; nínú D3, =6*B2+3*C2; nínú D4, =8*B2+6*C2. Ẹ ṣí Solver: Set Objective ni D2, ẹ mú Max, By Changing ni B2:C2. Ẹ fi ààlà mẹ́ta sí i: D3<=300, D4<=480, C2<=60. Ẹ jẹ́ kí Make Unconstrained Variables Non-Negative ní àmì, kí ẹ mú Simplex LP, kì í ṣe GRG. Nígbà tó bá parí, ẹ tẹ Sensitivity: ẹ ó rí 200 àti 150 lábẹ́ Shadow Price. LibreOffice Calc náà ní Solver lábẹ́ Tools.

Bí mo bá ra fúláwà ju àpò 10 lọ, wọ́n ń bá mi dín owó. Ṣé ìṣirò yìí ṣì dúró?

Bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò dúró, torí èrè orí dọ́sìn kan kò jẹ́ iye kan náà mọ́, ìlà sì ti ṣẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ lo owó àtijọ́, kí ẹ fi ààlà sí i pé fúláwà kò gbọdọ̀ ju kílò 500 lọ. Ẹ tún lo owó tuntun, kí ẹ fi ààlà sí i pé kò gbọdọ̀ dín sí iye tó fún yín ní ẹ̀dínwó náà. Èyí tí èrè rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kí ẹ mú. Fún ilé búrẹ́dì wa, ìkejì kò ní àgbègbè kankan, torí ààrò ìṣẹ́jú 480 kò lè yan ju kílò 360 lọ lóòjọ́. Ẹ̀dínwó yẹn yóò wúlò kìkì bí fúláwà tí ẹ rà bá lè dúró di ọ̀la láìbàjẹ́, tí owó tí ẹ kó lé e kò sì ní dí ohun mìíràn lọ́wọ́.